Kí Ni Ká Pe Gbígbọ̀n Jíìpù?

Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ mẹkáníìkì, orúkọ ẹ̀yà ara mọ́tò la sábà máa ń dojú kọ: kí ni ká pe pùròpẹ́là, kí ni ká pe béárìn? Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ wà. Àwọn tó ń tú irin wọ̀nyí lójoojúmọ́ ti fún wọn lórúkọ, orúkọ náà sì ti mọ́ wọn lẹ́nu. Ohun tí a kò tíì kọ sílẹ̀ dáadáa ni àmì àìsàn ọkọ̀: bó ṣe ń gbọ̀n, ìgbà tó ń gbọ̀n, àti ibi tí gbígbọ̀n náà ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti lọ́rọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú jíìpù àtijọ́ kan, Toyota Land Cruiser 80 tó jáde ní 1990. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa ọkọ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà pùròpẹ́là méjì, irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíà lọ sọ́dọ̀ táyà, ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ síwájú, èkejì lọ sẹ́yìn. Bó bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà rẹ̀ á máa yí bí ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gíà ìdí rẹ̀ bá jẹ́ 4.1, ìyẹn iye ìgbà tí pùròpẹ́là ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, pùròpẹ́là á máa yí bí ìgbà 46. Ìyàtọ̀ yìí ni àyẹ̀wò dúró lé. Táyà tí bálánsì rẹ̀ kò dáa á máa mi ọkọ̀ jìgìjìgì, ọwọ́ awakọ̀ á sì mọ̀ ọ́n lára sítíárìn. Pùròpẹ́là tó ń yọnu á máa gbọ̀n rìrì, ìdí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa ń mọ̀ ọ́n. Ta ló gbọ́ Yorùbá tí yóò gbọ́ “jìgìjìgì” tí yóò rò pé “rìrì” ni? Ìyára gbígbọ̀n náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ wá wọ̀n ọ́n. Bí awakọ̀ bá wá já gíà sí fíríì lórí eré, tí rìrì náà kò sì dáwọ́ dúró, ẹ́ńjìnnì ti bọ́ nínú ẹjọ́. Bó bá dáwọ́ dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ́ńjìnnì àti síìtì tó jókòó lé wò.

Ẹnìkan lè ní “ó ń fàíbréètì” ni àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn ń wí, àti pé bí mo bá gba pùròpẹ́là, ó yẹ kí n gba èyí náà. Òótọ́ ni wọ́n ń wí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í parí iṣẹ́. Ìbéèrè tí ọ̀gá máa bi oníbàárà tẹ̀ lé e ni “báwo ló ṣe ń fàíbréètì?”, jìgìjìgì àti rìrì ló sì ń dáhùn. Ẹlòmíràn á ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, pé bó ṣe wu kálukú ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n ijó kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè ní shimmy kí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ tó fi pe jíjó táyà iwájú. Àwọn onímọ̀ èdè tiwa náà mú “ohùn”, ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀, wọ́n fi pe òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣì í mú. Ìtumọ̀ tí a bá dè mọ́ ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́ di èdè-ìperí. Ká kọ ọ́ báyìí: ìgbọ̀nrìrì ni gbígbọ̀n tó yára, tó ń bá eré ọkọ̀ lọ, tí kì í dúró bí gíà bá wà ní fíríì. Ó parí.

Ní ti ẹ̀yà ara, ẹ wo kúróòsì tó so pùròpẹ́là mọ́ gíà. Irin kékeré bí àgbélébùú ni, apá mẹ́rin, orí apá kọ̀ọ̀kan wọ inú ife tí abẹ́rẹ́ irin tò sí yíká. Bí gírísì bá ti gbẹ, ìyẹ̀fun pupa á máa yọ lẹ́nu ife náà, bí a bá sì já gíà, á dún “kò!”. Mi ò rí ohun tí orúkọ tuntun máa ṣe fún un. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àyálò yìí máa pín wa níyà, torí cardan làwọn tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ní Benin mọ̀. Kó pín wa. Orúkọ méjì ò pa ohun kan lára nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Cardan pàápàá, àyálò ni, láti ara orúkọ Cardano, ará Ítálì.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù kò ti lórúkọ la ti ń ṣẹ̀dá. Bí pùròpẹ́là bá dagẹ̀rẹ̀, kúróòsì á máa mú un yára, á tún máa dín eré rẹ̀ kù díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kan. Kúróòsì kejì ló ń pa àṣìṣe àkọ́kọ́ rẹ́, bí irin méjì tó ya ẹ̀ka, tó dì wọ́n mú lórí pùròpẹ́là, bá kọjú síbì kan náà. Ẹni tó bá wá yoke, orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé atúmọ̀ èdè á pe irin yìí ní àjàgà, bíi ti inú Bíbélì. Àmúga ló jọ, àmúga ni kó jẹ́, ká sì pe ìkọjúsíra wọn ní ìdọ́gba àmúga. Nítorí rẹ̀ ni mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fi ń fi ọ̀dà sàmì kó tó tú u.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìwé èdè-ìperí mọ́tò, ẹ gbé ìwé àti bírò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ọ̀gá ń bi oníbàárà àti èsì tó fún un.