Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Lè Gbé Délé

Ká ní olùkọ́ kan ń kọ́ àwọn ọmọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Pira, ní kọ́múnù Bantè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ohun tí ìwé Faransé ń pè ní «famille», àwòrán sì wà lójú ewé: bàbá kan, ìyá kan, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, ilé kan tó dá dúró gedegbe. Olùkọ́ ní, "Ẹ wò ó, ẹbí rèé." Àwọn ọmọ wò ó. Wọ́n ń wá ìyá àgbà. Wọ́n ń wá ìyàwó bàbá kékeré tó máa ń pọ̀n wọ́n nígbà tí ìyá wọn bá lọ sọ́jà. Wọ́n ń wá ẹnu ọ̀nà kejì nínú agboolé. Èèyàn mẹ́rin tó wà lójú ewé yẹn kò tó ẹbí, wọn kò tó ìdílé, agboolé kò sì sí níbẹ̀ rárá.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ẹbí ni gbogbo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan wà ní Kútọnu, kí èkejì wà ní Atakpamé. Ìdílé ni ìdí tí ilé ti hù: àwọn tó ti kú wà nínú rẹ̀, àwọn tí a kò tíì bí náà wà níbẹ̀. Agboolé ni ibi tí a jọ ń gbé, tí a jọ ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Bí olùkọ́ bá gbé ẹbí lé orí èèyàn mẹ́rin, kò tíì túmọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé yẹn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló gé kúrú. Ọmọ yóò sì gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé olùkọ́ ló sọ ọ́. Ní tèmi, àwọn ará inú àwòrán yẹn, "ará ilé kan" ni kí a pè wọ́n. Kí a fi ẹbí sílẹ̀ ní títóbi tó tóbi.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ṣòro ju èyí lọ, bó tilẹ̀ dà bí ohun kékeré: arákùnrin mélòó lo ní, arábìnrin mélòó? Nínú ilé Yorùbá, kì í ṣe akọ tàbí abo ni a kọ́kọ́ ń wò. Ta ló kọ́kọ́ rí ayé? Òun ni ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó dé tẹ̀ lé e ni àbúrò. Èyí ni ọmọ fi mọ ẹni tí yóò kúnlẹ̀ kí, ẹni tó lè rán níṣẹ́, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo. Arákùnrin àti arábìnrin wà lédè wa, a ń gbọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ń rí wọn nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kì í fi wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bá sì ní kí ó ka iye wọn, yóò ka ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mọ́ wọn, yóò ka ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ mọ́ wọn, olùkọ́ yóò sì fi pupa sí i pé kò gbà á. Ọmọ náà gbà á. Ìbéèrè ni kò bá ilé rẹ̀ mu. Kí a béèrè pé, "Àwọn wo ni ẹ̀gbọ́n rẹ? Àwọn wo ni àbúrò rẹ?", kí a sì wo bí ọwọ́ yóò ti nà sókè ní kíláàsì.

Ohun tí mo dì mú lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kékeré kò lè gbé délé, kí ó fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí ààrò, kò tíì di ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ fún un, bó ti wù kí àwọn ọ̀mọ̀wé fọwọ́ sí i tó.

Iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ ẹbí yìí wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára mẹ́fà tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ń kọ́: èdè Faransé, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọnà, eré ìdárayá, àti èyí tí wọ́n ń pè ní «éducation sociale». Kí ni kí a pè é? Àwọn kan ní Nàìjíríà máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Èmi kò fẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ CI àti CP tó tẹ̀ lé e. Àwùjọ ni ibi tí èèyàn pé jọ sí. Wọ́n lè pé jọ láàárọ̀, kí wọ́n tú ká kó tó di ọ̀sán. Ìbágbépọ̀ ni mo yàn. Gbé wà nínú rẹ̀, ọmọ sì ti mọ gbé láti ìgbà tí wọ́n ti ń bi í pé, "Níbo lò ń gbé?" Bá wà nínú rẹ̀, pọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Ìbágbépọ̀: bí ọmọ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, yóò tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò rí aṣáájú. Ní 1970, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ Babátúndé Fáfúnwá, ní ilé ìwé kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Kí ó lè ṣeé ṣe, wọ́n ní láti kọ ìwé, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ìwé ń sọ. Ní 1984 ni Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde, tí ó fi hàn pé a lè fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa gírámà Yorùbá, láti orí fóníìmù dé orí àpólà. Ọrọ̀ ni gbogbo èyí jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n a kàn lè gbé e wá sí Bantè bẹ́ẹ̀? Ìṣà ni wọ́n ń sọ ní Bantè. Ìfẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní Tchetti, ní ìhà Togo, nínú kọ́múnù Savalou. Ọmọ ìyá Yorùbá ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kì í ṣe ìbejì. Níbi tí Ìṣà tàbí Ìfẹ̀ bá ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ìyá àgbà ń lò, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni kó ṣáájú ní CI àti CP. Tí ọmọ bá dé CE1, kó wá mọ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ṣe ń pè é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkọ̀wé. Láti 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè ilẹ̀ rẹ̀, tí a fi ń kọ ɛ̀kɔ́ níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ ẹ̀kọ́, tí ṣ ń di sh, tí p sì ń di kp. Aṣọ méjì lára ènìyàn kan ṣoṣo ni. Ìwé ọmọ Bantè gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tí olùkọ́ Bantè mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ti òdìkejì ló tọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ará Nàìjíríà ti lè ṣì wá lọ́nà jù ni àkàbà ìjọba, láti abúlé dé gbogbo ilẹ̀. Láti 1999 ni òfin ti pín Bẹ̀nẹ̀ sí «département» 12 àti kọ́múnù 77. Bantè àti Savalou wà pẹ̀lú Dassa, Glazoué, Ouèssè àti Savè nínú èyí tí wọ́n pè ní Collines. Bí a bá pe «département» ní ìpínlẹ̀, a ti purọ́ fún ọmọ. Ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ní gómìnà tí àwọn ará ibẹ̀ dìbò yàn, ó sì ní ilé aṣòfin. «Préfet» tó wà lórí Collines, ìjọba ló yàn án wá láti òkè. Ẹkùn ni kí a lò, nítorí ẹkùn kò ṣèlérí gómìnà fún ẹnikẹ́ni.

Wo orúkọ náà fúnra rẹ̀, Collines. Òkè ló túmọ̀ sí, òkè tó pọ̀. Ọmọ lè ka orúkọ yẹn lákàsórí fún ọdún mẹ́fà kó má mọ̀ pé ohun tó ń wò láti àgbàlá ilé ìwé ní Savalou ni wọ́n fi sọ ẹkùn rẹ̀ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré: Ẹkùn Olókè. Kí ó mú wọn jáde síta, kí wọ́n nàka sí i. Kò sí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan kọ́ ni a gbọ́dọ̀ túmọ̀. Kọ́múnù àti mẹ́ẹ̀rì, rédíò ń pè wọ́n lójoojúmọ́, ìyá ọmọ sì ti lọ gba ìwé ìbí rẹ̀ ní mẹ́ẹ̀rì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Olórí abúlé ni mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún. Ẹni tí ìjọba mọ̀ sí olórí abúlé lónìí ni èyí tí òfin gbé síbẹ̀; láti ayé ìjọba Ààrẹ Kérékou ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pè é ní délégué. Bí ìwé bá kọ baálẹ̀ sí i, tí olùkọ́ sì ní kí ọmọ lọ kí baálẹ̀ abúlé rẹ̀, ọmọ náà lè gba ilé àgbàlagbà tí ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lọ, ẹni tí ẹnì kan kò dìbò fún rí. Èèyàn méjì ni wọ́n, iṣẹ́ méjì sì ni. Ọmọ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wọ ilé ìwé. Kí ìwé wa má ṣe da ìmọ̀ rẹ̀ rú.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù láti kọ̀ ni orílẹ̀-èdè, nítorí pé ó dùn létí, gbogbo wa ni a sì ń lò ó. Tẹ́tí sí i dáadáa: orílẹ̀, tí í ṣe orísun àwọn èèyàn kan, àti èdè. Ẹni tó bá gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé èdè kan ló ni ilẹ̀ kan. Ní Savalou, ọmọ tó ń sọ Ìfẹ̀ jókòó ti ọmọ tó ń sọ Máhì lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Máhì sún mọ́ Fọ̀n, kò sún mọ́ Yorùbá. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì, abẹ́ àsíá kan ni wọ́n ń tò sí. Ọmọ Ìfẹ̀ yẹn sì ní ìbátan ní Atakpamé tó gbọ́ èdè rẹ̀ yékéyéké, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ọmọ Togo. Bí a bá fi orílẹ̀-èdè kọ́ ọ, ta ni yóò kà mọ́ ara rẹ̀, ta ni yóò yọ? Òfin ìpìlẹ̀ ti 11 December 1990 sọ ọ́ ní kedere pé gbogbo àwọn tó para pọ̀ di Bẹ̀nẹ̀ ló lómìnira láti sọ èdè wọn àti láti kọ ọ́. Òfin tó gba èdè púpọ̀ láyè kò yẹ kó gba orúkọ tó ń sọ ti èdè kan. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó ti gbọ́n kí orúkọ ilẹ̀ náà tó yí padà ní 30 November 1975 ṣì máa ń sọ Dahomey; kí ọmọ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ́ nìyẹn náà.

Inú mi máa ń dùn nígbà tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ti ń dúró de ohun tuntun. Ìbò jẹ́ ọ̀kan. Lọ́dọ̀ babaláwo, ìbò ni ohun tí ẹni tó wá ṣe ìbéèrè ń dì sọ́wọ́, owó ẹyọ ní ọwọ́ kan, egungun ní ọwọ́ kejì, tí babaláwo kò sì ní mọ èyí tó wà ní ọwọ́ wo títí Ifá yóò fi mú ọwọ́ kan. Ìdìbò tó wáyé fún àwọn kọ́múnù láti ìparí 2002 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2003 kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí: ohun tí o dì, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Kí olùkọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òkúta wẹ́wẹ́ kan, kí wọ́n dì í mọ́wọ́, kí wọ́n lọ jù ú sínú agolo ẹni tí wọ́n fẹ́ kó jẹ́ olórí kíláàsì. Wọ́n ti dìbò. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a ní láti ṣàlàyé mọ́.

Ẹ̀tọ́ náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìfarabalẹ̀ díẹ̀. Ìwé Faransé pín in sí méjì, ohun tó yẹ ọmọ àti ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe. Yorùbá kó méjèèjì sínú tọ́: ó tọ́ sí mi, ó tọ́ kí n ṣe é. Oúnjẹ tọ́ sí mi. Ó tọ́ kí n fọ àwo. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn òbí kan pé bí a bá kọ́ ọmọ ní ẹ̀tọ́, yóò máa gbó wọn lẹ́nu. Bí a bá fi gbólóhùn méjèèjì kọ́ ọ papọ̀, kò sí ìdí fún ẹ̀rù yẹn.

Ó ku ìrànlọ́wọ́ láàárín aládùúgbò, èyí tí ìwé fi gbólóhùn méjì sọ. Ọmọ oko ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, wọ́n sì ti rí i tí bàbá wọn lọ bá ẹlòmíràn kọ ebè iṣu, tí ẹni náà sì wá san án padà nígbà tí tirẹ̀ kàn. Àáró nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé àna tàbí ará ilé ló pe èèyàn jọ fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, tó sì bọ́ wọn yó, ọ̀wẹ̀ ni. Ọmọ Máhì tó wà lórí bẹ́ǹṣì yóò nawọ́ sókè pé nílé tiwọn, dọ̀nkpẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń para pọ̀ ṣe iṣẹ́ oko. Kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bi wọ́n pé ta ni àáró kàn láti gbá kíláàsì lónìí.