Ìtàn Tí Mo Bá Nídìí Ìkòkò Sómẹ̀nì

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í sábà wọ inú ìwé ìtàn àfi bí ìyàn bá mú tàbí bí ọba bá se àsè. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọba nìkan. Ọ̀rọ̀ sómẹ̀nì ni, oúnjẹ kan tí àwọn ará Jàpáànì ń fi fúláwà àlìkámà ṣe, tí ó gùn bí okùn, tí ó sì tín-ín-rín bí òwú. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́ nígbà ooru. Èmi náà ti ń sè é nílé mi láti ọdún díẹ̀ wá, ibi ìdáná ni mo sì ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín èmi àti àgbà obìnrin kan jẹ́.

Ìgbà tí mo wà ní Jàpáànì lẹ́nu ẹ̀kọ́ mi ni mo wọ̀ sílé ìyá kan ní Miwa, ní agbègbè Nara. Bí a bá dárúkọ òfì, Ìsẹ́yìn ni a ń rántí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn kì í dárúkọ sómẹ̀nì kí wọ́n má rántí Miwa. Ilé òrìṣà kan tí ń jẹ́ Omiwa wà níbẹ̀, òkè tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ń bọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Èrèlé lọ́dọọdún, àwọn àwòrò a máa bèèrè lọ́wọ́ òrìṣà náà bí owó sómẹ̀nì ọdún náà yóò ti rí: ṣé kí ó ga ni, àbí kí ó mọ níwọ̀n, àbí kí ó wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti nájà rí ní Dùgbẹ̀ yóò gbà pẹ̀lú mi pé irú ètò yìí ìbá dín ariwo kù.

Okaasan ni mo ń pe ìyá náà, ìyẹn "ìyá" ní èdè wọn. Ìdílé ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe sómẹ̀nì láti ìran dé ìran. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé ó ti lé ní 1,200 ọdún tí ọmọ àwòrò Omiwa kan ti gbin àlìkámà sí ilẹ̀ Miwa nípa àṣẹ òrìṣà, àti pé láti ibẹ̀ ni sómẹ̀nì ti tàn ká Jàpáànì. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, mo ní, "Okaasan, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?" Kò dá mi lóhùn. Ó kó àwo kúrò nílẹ̀, ó wọlé lọ sùn. Ojú tì mí. Ta ni nínú wa tí yóò dọ̀bálẹ̀ kí àgbà ilé rẹ̀ tán, tí yóò wá bi í pé ojú ìwé wo ni oríkì tí ó ń kì wà?

Síbẹ̀, ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sinmi. Àwọn ìwé ọ̀rúndún kẹjọ tí wọ́n fi pamọ́ sí ilé ìṣúra Shosoin ní Nara dárúkọ oúnjẹ kan tí ń jẹ́ sakubei. Orúkọ rẹ̀ kejì ni muginawa, èyí tí ó túmọ̀ sí okùn àlìkámà. Engishiki, ìwé òfin ààfin tí wọ́n parí ní 927, sọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é: àlìkámà, ìyẹ̀fun ìrẹsì àti iyọ̀. Ọjọ́ keje oṣù keje, ọjọ́ ọdún ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Tanabata, ni wọ́n ń jẹ ẹ́ láàfin. Ní 1343 ni orúkọ sómẹ̀nì fara hàn nínú àkọsílẹ̀ ilé òrìṣà Gion ní Kyoto. Ṣé sakubei ni ó yí orúkọ padà, àbí ọ̀tọ̀ ni ti àwọn méjèèjì? Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé àkàrà lílọ́ ni sakubei.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo ní kí n se sómẹ̀nì fúnra mi láti fi bẹ Okaasan. Ìdì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 gíráàmù, tó ẹnì kan yó. Ìkòkò ńlá ni à ń lò, pẹ̀lú omi púpọ̀. A kì í fi iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti pò ó. Bí omi bá ti hó dáadáa, a ó fọ́n ọn sí i, a ó rò ó díẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì ti tó. Ẹni tí ó bá ní kí òun lọ dá ẹnì kan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀kọ ni yóò bá nídìí iná. Tèmi jinná bí ó ti yẹ. Mo dà á sínú asẹ́, mo da omi tútù lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo gbé e kalẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ra, ó ń yọ̀, ó sì ń rùn bí òróró àná. Okaasan tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó se òmíràn. Ó tì í bọ inú omi kànga tútù, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á bí ẹni ń fọ aṣọ, ó da omi náà nù, ó bu òmíràn, títí omi fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà ni ó tó kó yìnyín sí i. Ó ní, "Òróró ni kí o fọ̀ kúrò lára rẹ̀."

Òróró kẹ̀? Ó mú mi lọ sí àká lẹ́yìnkùlé, ó fi okùn lásán wé ọ̀pá méjì tí eruku ti bò, ó fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn mí. Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ náà. Wọn a fi omi iyọ̀ pò fúláwà, wọn a gé e bí okùn ńlá, wọn a fi òróró pa á lára kí ó má baà gbẹ, kí ó má sì lẹ̀ mọ́ra. Wọn a wé e mọ́ ọ̀pá, wọn a fà á, wọn a jẹ́ kí ó sinmi, wọn a tún fà á, títí yóò fi dà bí òwú. Wọn a sá a, wọn a sì tò ó sí àká. Èyí tí ó bá ti la àkókò òjò kọjá níbẹ̀ ni wọ́n kà sí ojúlówó.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Engishiki kò ka òróró mọ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣe sakubei; ìyẹ̀fun ìrẹsì ni ó kà, èyí tí kò sí nínú sómẹ̀nì tí mo jẹ. Ṣùgbọ́n ìwé Ṣáínà kan ti ìgbà ìjọba Yuan (1271 sí 1368), tí ń jẹ́ Jujia Biyong, kọ ọ́ pé kí a fi òróró pa okùn fúláwà lára. Ní èrò tèmi, okùn àlìkámà ti wà ní agbègbè Nara láti ọ̀rúndún kẹjọ, bí Okaasan ti wí. Ọgbọ́n òróró ni ó ti Ṣáínà dé lẹ́yìn náà, tí ó bá a nílé. Gbogbo ọwọ́ tí ń fọ̀ sómẹ̀nì nínú omi tútù ni ó ń jẹ́rìí sí i, bí àwọn tí ó ni ọwọ́ náà kò tilẹ̀ mọ̀.

Ọjọ́ tí mo sọ èyí fún un, mo ti múra de ìbínú. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé àwọn ọmọ òun méjì tí ó wà ní Osaka kò bi òun ní ohunkóhun nípa iṣẹ́ náà rí, ì báà tilẹ̀ ṣe ìbéèrè aláìmọ̀wàáhù bí tèmi. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni kò fa sómẹ̀nì lórí ọ̀pá wọ̀nyẹn mọ́. Èyí tí a jọ ń jẹ, lọ́wọ́ aládùúgbò ni ó ti ń rà á.

Ti yìnyín kò gba àlàyé púpọ̀. Ààfin ni ó ní ihò tí wọ́n ń kó yìnyín pamọ́ sí láyé àtijọ́. Omi kànga àti omi odò ni àwọn yòókù ń lò, kí fìríìjì tó wọ ilé gbogbo. Ní 1955, ní Takachiho, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí sómẹ̀nì máa bá omi ṣàn nínú ọparun, kí àwọn oníbàárà máa mú un bí ó ti ń kọjá lọ.

Ní Ìbàdàn níbí, edé gbígbẹ ni mo fi ń rọ́pò ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń fá sínú omi ọbẹ̀ wọn. Mo ń da omi sóyà dúdú sí i, mo ń jẹ́ kí ó tutù, mo sì ń fi ewé àlùbọ́sà àti atalẹ̀ lé e. Bí iná bá lọ, tí fìríìjì kò sì ní yìnyín, omi amù ìyá mi ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ó sì ń tutù tó. Ìdì mẹ́ta ni ó kù nínú èyí tí Okaasan fi ránṣẹ́ kẹ́yìn.