Ọjà Akẹ̀sán àti Ìtúká Ọ̀yọ́ Ilé

Àwọn òpìtàn a máa sọ pé ogun Elédùwẹ̀ ni ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro ní nǹkan bí 1836. Èrò tiwa ni pé ogun náà parí ohun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ ni. Ní 1826, Clapperton ka ọjà méje tí wọ́n ń ná nírọ̀lẹ́ níbẹ̀. Ní 1830, àwọn Lander rí i pé odi ìlú ti ń wó, a kò sì tún un mọ. Èyí jẹ́ àmì pé agbára ìlú ti ń dín kù. Láti ìgbà tí Àfọ̀njá ti ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin ni ọ̀nà òwò òkè Ọya ti di eléwu. Ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ àti àwọn tí ń fín igbá kò sì lè rọ́wọ́ mú níbi tí oníbàárà kò lè dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ya lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjàyè àti Ìbàdàn.

Nígbà tí Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà, orúkọ Akẹ̀sán bá wọn débẹ̀. Iná jó ọjà náà ní oṣù kìn-ín-ní 2020, a sì tún un kọ́. Nítorí náà, ìtúká yàtọ̀ sí ìparun: kí a tó kéde pé ìlú kan run, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà lọ.