Dóńgóyárò àti Ẹ̀rí Àwọn Àgbẹ̀

Gbogbo wa ni a mọ dóńgóyárò, igi tí a ń fi ewé rẹ̀ ṣe àgbo ibà. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni a ti yá orúkọ rẹ̀. Ìhà Íńdíà ni igi fúnra rẹ̀ ti wá. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni ìtàn bí a ṣe ń fi í dáàbò bo irè oko, àti ìjà tí ó ti ìdí rẹ̀ yọ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Íńdíà ti ń kó ewé rẹ̀ gbígbẹ sáàárín ọkà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní 1959, nígbà tí eṣú bo ilẹ̀ Sudan, Heinrich Schmutterer, onímọ̀ kòkòrò láti Jámánì, ṣàkíyèsí pé wọ́n jẹ ewé igi yòókù tán, wọn kò fọwọ́ kan dóńgóyárò. Ní 1968, Butterworth àti Morgan yọ èròjà azadirachtin jáde láti inú kóró èso rẹ̀. Èròjà yìí kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀: ó ń mú kí oúnjẹ má wù ú jẹ mọ́, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ kòkòrò lè pa awọ dà kí ó sì dàgbà.

Ní 1994, ilé-iṣẹ́ W. R. Grace àti ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ gba ìwé ẹ̀tọ́ nílẹ̀ Yúróòpù lórí fífi epo dóńgóyárò gbógun ti olú wẹ́wẹ́ tí ń ba irúgbìn jẹ́, bí ẹni pé àwọn ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Vandana Shiva, Magda Aelvoet àti ẹgbẹ́ IFOAM ta kò ó ní 1995. Wọ́n ní ìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ Íńdíà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Abhay Phadke, ará Íńdíà, jẹ́rìí pé a ti dán irú epo bẹ́ẹ̀ wò lóko kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó béèrè fún ìwé wọn. Wọ́n fagi lé ìwé náà ní 2000. Ní 2005, wọ́n da ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nù.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa olùkọ́ èdè. Àwọn ìyá wa ń po eérú tàbí ata gbígbẹ mọ́ ẹ̀wà nítorí kòkòrò. Mélòó nínú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ewé, orúkọ kòkòrò àti bí a ṣe ń lò ó? Bí a bá ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba àlọ́ àti òwe lẹ́nu àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè èyí pẹ̀lú. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, ó ṣòro láti fi jẹ́rìí.