Òfin Ń Ṣọ́ Igbó, Ta Ní Ń Ṣọ́ Odò?

Kí òfin ìjọba tó dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni òfin: a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í ṣọdẹ. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Èrè rẹ̀ hàn: igbó dúró, àlejò sì ń wá ṣe fàájì níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n odò kì í bẹ̀rẹ̀ ní ojúbọ. Láti ilẹ̀ Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀. Ẹrẹ̀ àwọn tó ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Omi tí mo bù mu nígbà èwe ti yí àwọ̀ padà. Ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá ti kìlọ̀ pé kí a má mu ún. Ọwọ́ òfin dé etídò, kò dé òkè odò.

Olúwo tó kọ́ mi nífá máa ń sọ pé bí òkè odò bá dọ̀tí, ìsàlẹ̀ kò lè mọ́. Ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí ààbò gba ipa odò gòkè lọ. Omi tí a fi ń tọrọ ọmọ kò yẹ kó di májèlé fún ọmọ.