Ẹfọlúṣọ̀n àti Àṣàyàn Àdánidá

Ẹfọlúṣọ̀n ni ìyípadà tó ń bá irú ẹ̀dá kan láti ìran dé ìran. Àṣàyàn àdánidá jẹ́ ọ̀nà pàtàkì kan tí ìyípadà náà ń gbà wáyé. Ọdún 1858 ni àlàyé Charles Darwin àti Alfred Russel Wallace lórí rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn ẹ̀dá irú kan náà kì í rí bákan náà tán. Ọmọ a máa jogún ìrísí òbí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pẹ́ láyé tó láti bímọ. Èyí tí ara rẹ̀ bá ibùgbé rẹ̀ mu ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀fọn

Ilẹ̀ àbàtà pọ̀ ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ní Èkó. Bí òjò bá rọ̀ ní Mile 2 tàbí Festac Town, omi a dúró sójú ipa táyà, anófẹ́lísì, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, a sì yé sí i. Onílé a fín oògùn, a tilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn a kú, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù sára ògiri ni yóò yé ẹyin. Ẹ̀fọn kò kọ́ bí a ṣe ń fara da oògùn o. Àwọn kan ti ní ìyàtọ̀ lára kí oògùn tó dé. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní kdr, ìyípadà kékeré kan nínú jíìnì kò jẹ́ kí oògùn rí iṣan ẹ̀fọn dì mú dáadáa mọ́. Wọ́n ti rí kdr lára ẹ̀fọn Èkó. Ṣáájú èyí, lọ́dún 1956, ìròyìn ti jáde pé ẹ̀fọn Ambursa, nítòsí Birnin Kebbi, kò kú mọ́ bí wọ́n bá fín oògùn kòkòrò dieldrin.

Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn

Lọ́dún 1954, onímọ̀ ìṣègùn Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í tètè ṣe ẹni tó jẹ́ AS léṣe, ìyẹn ẹni tó jogún jíìnì S lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Ẹni tó jẹ́ SS, tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ló ń ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Nítorí ààbò tí AS ń rí yẹn, jíìnì S kò parẹ́: nǹkan bí ọmọ Nàìjíríà kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS.

Ẹ̀rí mìíràn

Lọ́dún 1965, ikọ̀ awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wú egungun ènìyàn ní Ihò Ẹléérú, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní. Ó ti lé ní ẹgbàárùn-ún ọdún, síbẹ̀ agbárí rẹ̀ gùn, ó sì rẹlẹ̀ bíi ti àwọn ènìyàn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí fi hàn pé ìrísí ènìyàn pẹ̀lú ń yí padà láti ìran dé ìran.

Ìwúlò rẹ̀

Oògùn kan ṣoṣo tí a ń lò láìdáwọ́ dúró ló ń ṣa àwọn kòkòrò tó lè fara dà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kòkòrò ibà nìyẹn, tí Nàìjíríà fi fi àpapọ̀ oògùn ACT rọ́pò chloroquine lọ́dún 2005.