Ìsìn Ìdílé láàrin Àwọn Onígbàgbọ́ ní Alímòṣọ́: Ta Ni Ó Ń Ṣíwájú?

Jóṣúà 24:15 kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ àwọn onígbàgbọ́ ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó. Baálé ló ń sọ nínú ẹsẹ náà pé òun àti ilé òun yóò máa sin Olúwa, bóyá ìdí nìyẹn tí ìwàásù lórí ìsìn ìdílé fi máa ń di gbogbo ẹrù ru baálé. Èrò tiwa ni pé ìtàn ìgbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é lẹ́yìn.

Ilé Àjàyí Crowther ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Ní 1821, ogun kó o ní Òṣoògùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ó di 1846 kí òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlà, tó fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ti di àlùfáà. Ìyá ṣì wà nínú ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìyá ṣèrìbọmi, ó ń jẹ́ Hannah. Ọmọ ló mú ìyá wọ ìjọ. Susan, ìyàwó Crowther, ti ṣe olùkọ́ rí ní Sàró. Dandeson, ọmọ wọn, sin Ọlọ́run lágbègbè Odò Ọya. Abigail, ọmọ wọn obìnrin, ni T. B. Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859 fẹ́. Iṣẹ́ ni ilé yìí jọ ń ṣe. Àdúrà wà nínú rẹ̀.

Ní Alímòṣọ́, ọ̀nà ti gba òwúrọ̀ lọ́wọ́ àwọn baba. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni èrò pọ̀ sí jù ní ìpínlẹ̀ Èkó nínú ètò ìkànìyàn 2006: ènìyàn 1,277,714. Baba tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù ti wà nínú dáńfó kí àwọn ọmọ tó jí, nítorí náà ìyá ló ń dá orin. Bí wọ́n bá tún dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ: ọmọdé lọ síbi ẹ̀kọ́ tiwọn, ìyá lọ sẹ́gbẹ́, ọ̀dọ́ lọ sínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ìpàdé inú ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi ló kó wọn jọ. Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun: nínú ilé W. F. Kumuyi ní Yunifásítì Èkó ni Deeper Life ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15. Ẹ wo pálọ̀ kan ní Ìgàndó. Àbíkẹ́yìn ń wọ́ àga oníke bọ̀ láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ìyá ń to píọ̀ wọ́tà sínú abọ́, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Àkọ́bí ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, ìyá ṣí ti Yorùbá, tí Crowther wà lára àwọn tó túmọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ ka ti Yorùbá, àmì ohùn á dà á láàmú, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, baba á wá tún un kà. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà lè má wọ ẹnikẹ́ni létí ju ibẹ̀ yẹn lọ.

Ilé tí a kì í sábà kà mọ́ ìsìn ìdílé ni èyí tí baba jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyá àtọmọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ́pọ̀ láàrin Yorùbá, Alímòṣọ́ kò sì yàtọ̀. Ẹsẹ Jóṣúà kò ní sí lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Síbẹ̀ baba lè máa fún wọn lówó ọkọ̀ ìṣọ́ òru, kí ó sì jókòó dè wọ́n títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí Àfàlà ṣe jẹ́ ara ìdílé Crowther kí ó tó ṣèrìbọmi nìyẹn, a kò sì rí ẹni tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìtàn ìdílé náà.